Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni, kì í ṣe mọ́ínmọ́ín

Ẹni tó bá pe ọ̀lẹ̀lẹ̀ ní mọ́ínmọ́ín létí mi, ìjà ló ń wá. Ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, tí a fi ata àti epo pò, tí a pọ́n sínú ewé eéran: ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní Ọ̀mù-Àrán kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ìyá àgbà tó tọ́ mi, tó ń sè é tà, ní lílẹ̀ tó ń lẹ̀ lẹ́nu, bó ṣe ń rọ̀, ló fún un lórúkọ, nítorí oúnjẹ abiyamọ tuntun ni, àti ti arúgbó tí kò léyín mọ́. Bóyá òótọ́ ni, bóyá kì í ṣe òótọ́, èmi gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn òmìnira ni obìnrin kan ti Jọ́ọ̀sì dé. Inú agolo mílíìkì ló ń se tiẹ̀ sí, mọ́ínmọ́ín ló ń pè é, gbogbo ọmọ ilé ìwé sì ń wọ́ tọ̀ ọ́. Ọjà ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bàbá mi ní kó jókòó sílé, ta ló tún ń pe nǹkan ní ọ̀lẹ̀lẹ̀? Ìyá àgbà ní òun á se ìkòkò ńlá kan lọ́jọ́ àjọyọ̀ ìpínlẹ̀ tuntun, Kwara wa. Bí kò bá tà, òun á dojú ìkòkò délẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, èmi ni mo gbé igbá. Mo ti wà ní kíláàsì kẹfà, ojú sì ń tì mí. Bí mo ṣe rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi báyìí, mo yí ohùn padà: "Mọ́ínmọ́ín gbígbóná rèé o!" Mo rìn yí gbogbo àdúgbò ká, ẹnì kan ò yọjú. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti jẹ ti agolo yó. Àwọn oníbàárà wa rò pé obìnrin Jọ́ọ̀sì ló ń kọjá.

Mo gbé e padà bó ṣe wà. Ìyá àgbà ṣí igbá, ó wò mí. "Kí lo polówó?"

Mo jẹ́wọ́. Kò lù mí. Ó kàn jókòó, ó ní, "Ó dáa. Ó ti tán nìyẹn."

Háà! Ì bá kúkú lù mí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo gbé igbá padà sórí, mo sáré jáde pẹ̀lú ẹkún.

"Ọ̀lẹ̀lẹ̀ rèé o! Ọ̀lẹ̀lẹ̀ elépo rèé o!" Ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gan-an ni mo ti pariwo ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in kú. Ilẹ̀kùn kan ṣí. Arúgbó kan na àwo jáde: "Ibo lẹ wà láti àárọ̀? Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!" Ilẹ̀kùn kejì ṣí, ìkẹta tẹ̀ lé e. Àwọn bàbá tó ń ti pápá àjọyọ̀ bọ̀ dá mi dúró, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti gbọ́ orúkọ yẹn. Kí n tó dé ìdí ọjà, igbá ti ṣófo.

Mo gbé igbá òfìfo ka iwájú ìyá àgbà. Ó dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ọmọ mi, lọ rẹ ẹ̀wà ọ̀la."

Lọ́jọ́ kẹta, a ṣì ń pọ́n ewé lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ ohùn obìnrin Jọ́ọ̀sì níta: "Ọ̀lẹ̀lẹ̀ rèé o! Ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú agolo!"

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi pè é wọlé, kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ewé."