Àwọn Àgbà Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Àbúrò Mi

Ẹni tó bá tún wí létí mi pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, èébú ni yóò gbà. Ta ló sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ là ń wá? Ọkọ àbúrò mi lu ọmọ rẹ̀ obìnrin títí apá fi kán, torí pé omi ìwẹ̀ tó gbé fún un tutù.

Àbúrò mi ń ta ṣálúbàtà lọ́jà Kejetia, ní Ghana níbí. Èmi ni mo bá wọn dé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti di apá ọmọ náà, èmi náà ni mo mú wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ní ká máa lọ, pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Mo ní ọmọ tí apá rẹ̀ kán kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni. Mo jókòó tì í títí ó fi gbà, ó ní kí àbúrò mi wá fọwọ́ sí ẹjọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n lè lọ mú ọkùnrin náà.

A fi ọmọ sílẹ̀ nílé mi ní Ayigya, a padà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀. Àwọn àgbà Yorùbá àdúgbò wa ti ń dúró dè wá. Ghana ni wọ́n bí wọn sí, Twi ni wọ́n fi ń bá ọmọ wọn jà, àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń rántí pé Yorùbá làwọn. Èyí tó dàgbà jù, tó tó bí wa lọ́mọ, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àbúrò mi. Àwọn yòókù tẹ̀lé e.

"Saboda Allah, nítorí Ọlọ́run, ọmọ wa, fie asɛm ni, ọ̀rọ̀ ilé ni. Fi ẹjọ́ yìí sílẹ̀."

Mo pariwo pé, "Má dá wọn lóhùn!" Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ló lè dúró kí ẹni tó tó bàbá rẹ̀ máa dọ̀bálẹ̀ fún un? Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn. Àbúrò mi bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin bàbá. Mo ti gbọ́."

"Asɛm no asa," ni ọlọ́pàá wí. Ẹjọ́ tán nìyẹn. Àwọn bàbá gbọn eruku aṣọ wọn, wọ́n ń ṣàdúrà fún wa. Mi ò ṣe àmín.

Nígbà tí a délé, ọmọ náà béèrè bó ṣe lọ. Mo ní àwọn bàbá dọ̀bálẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Maame, Dàdí ńkọ́? Ṣé òun náà dọ̀bálẹ̀?"

Kò tiẹ̀ yọjú síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń di ẹrù ọmọ náà, torí àwọn àgbà ti ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ ọkùnrin náà kí ilẹ̀ tó ṣú.