Gíláàsì Dúdú Níwájú Ṣọ́ọ̀bù Bàbá

Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà ní Abidjan, gíláàsì rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni tó tà á fún mi ló lẹ ọ̀rá dúdú mọ́ ọn yíká, ó ní nítorí oòrùn ni. Mo ti fẹ́ bó o dànù lọ́sẹ̀ tí mo rà á. Ṣùgbọ́n mo wà á gba Williamsville kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì yí ọkàn mi padà.

Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Láti ilé mi títí dé ọjà Adjamé, níbi tí mo ti ń ta ike, àwọn àgbà ìlú wa ló jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù lọ bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n pín wọn sójú ọ̀nà. O ò gbọdọ̀ kọjá láìkí wọn, o ò sì lè kí wọn tán kíá: ilé ńkọ́, ìyàwó ńkọ́, ìyá ńkọ́ nílé, ṣé o ti gbọ́ pé lágbájá bímọ? Nígbà tí mo ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ wọ gbaka, ọkọ̀ akérò wa, oníbàárà mi àkọ́kọ́ a ti bínú lọ kí n tó ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n nínú gíláàsì dúdú, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni mò ń kọjá. Àwọn kan tiẹ̀ ń ṣí fìlà fún mi, wọ́n ṣe bí mínísítà ni. Mo máa ń dá wọn lóhùn nínú ọkọ̀, "Ẹ kú àárọ̀, sà," kí ọkàn mi má baà dá mi lẹ́bi.

Ẹnì kan wà tí mi ò fẹ́ kó rí mi rárá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, Bàbá ni mo sì ń pè é. Ó ń ta àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì yẹn kan náà. Orúnkún ń dùn ún, síbẹ̀ ó ń wọ gbaka lọ kírun Jímọ̀ ní Treichville, ní mọ́ṣáláṣí tó ti ń lọ látìgbà èwe rẹ̀, torí pé èyí tó wà nítòsí ilé kò wù ú. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tó bá gbọ́ pé mo lọ́kọ̀, gbogbo Jímọ̀ mi ti di tirẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó wá bi mí ohun tí mò ń wọ̀ lọ sọ́jà, mo ní gbaka ni, ojú mi ò tiẹ̀ ṣẹ́. Látọjọ́ náà, bí mo bá ti sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo máa ń pa rédíò, mo sì ń mú èémí dúró bí ẹni pé ó lè gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tójú ọjọ́ ṣú, tí òjò ń kán, ọlọ́pàá kan nawọ́ dá mi dúró. Iwájú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an ni.

Ó ní kí n sọ gíláàsì kalẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ níwọ̀n ìka méjì, mo ti ìwé ọkọ̀ gba ibẹ̀ fún un. Ó bi mí bóyá lẹ́tà lòun wá gbà. Ó ní òfin kò gba irú gíláàsì yìí, pé ẹni tó wà lóde ò rí tinú, ẹni tó wà nínú náà ò sì ríran dáadáa. Mo búra fún un pé mò ń ríran bí ológbò. Wúyẹ́wúyẹ́ ni mò ń sọ ọ́, kí ohùn mi má baà dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣe bí ọ̀fun ló ń dùn mí, ó sì rọ̀ díẹ̀. Ó ní kí n fi ẹ̀yìn wọ ẹ̀gbẹ́ títì, káwọn ọkọ̀ yòókù lè kọjá.

Mo wo gíláàsì ẹ̀yìn, ó dúdú. Mo wo dígí ẹ̀gbẹ́, omi òjò ló kún un. Lẹ́yìn tí mo ti búra bẹ́ẹ̀, ojú ń tì mí láti sọ pé mi ò rí nǹkan kan. Ni mo bá fi ẹ̀yìn rìn.

Ọlọ́pàá fọwọ́ lu òrùlé ọkọ̀ gbì, àwọn èèyàn figbe ta. Mo tẹ bíréèkì, mo bẹ́ sílẹ̀. Bàbá ni mo rí lẹ́yìn ọkọ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lára bọ́ǹpà. Ọkọ̀ ti kàn án, ṣùgbọ́n kò gorí rẹ̀. Mo kàn dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ náà. Ọlọ́pàá bi í bóyá kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó ní rárá, kò sóhun tó ṣe òun, pé ọmọ òun ni mí.

Ọlọ́pàá ní ọkọ̀ náà ò ní kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá lára. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ní kí n wọ ṣọ́ọ̀bù lọ mú abẹ àti kẹ́tùlù omi gbígbóná, èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀rá. Bí gíláàsì ṣe ń mọ́ sí i làwọn àgbà àdúgbò ń dé, wọ́n ń kí mi kú oríire ọkọ̀. Gbogbo ìkíni tí mo ti ń sá fún ni wọ́n kó wá bá mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá mínísítà yẹn ló ta ọkọ̀ fún mi.

Nígbà tí mo ha á tán, mo bẹ Bàbá pé kó jẹ́ kí n gbé e lọ Treichville. Ó jókòó síwájú, ó ń nu ẹrẹ̀ lára jalamíà rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ọkọ̀ náà ò tíì pẹ́ lọ́wọ́ mi, pé mo ti ń gbèrò àtiwá sọ. Ó ní kí n dákẹ́.

"Ìyàwó ẹ ti sọ fún mi depuis, ó ti pẹ́," ó ní. "Lọ́jọ́ kejì tó o rà á ló wá, pé kí n bá yín gbàdúrà sí i. Kí lo rò pé mo jáde wá ṣe nínú òjò? Mo rí i pé ìwọ ni wọ́n dá dúró, mo ní kí n wá bá ẹ bẹ̀ wọ́n."

Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún mi pé òun ti mọ̀.

"Mò ń retí pé kó o sọ ọ́ fúnra ẹ ni," ó ní. "Bó o bá ti ń kọjá láràárọ̀, mo máa ń ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó o kọlu ènìyàn."

Òun gan-an ni mo wá kọlù. Ojú ń tì mí títí a fi dé Treichville.