Agogo Bẹ́ẹ̀dì Mẹ́jọ

Ẹnu mi ló kó bá mi. Èmi ni mo lọ sọ fún mátírọ́ọ̀nù ilé ìgbẹ̀bí kan ní ìlú Oǹdó pé mo lè ṣe agogo tí àwọn aboyún á máa fi pe nọ́ọ̀sì láti orí bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ tó wà níbẹ̀: bọ́tìnnì kan fún ẹnì kan, kọ̀ǹpútà á sì gbé nọ́ńbà ẹni tó pè jáde. Inú ìyá náà dùn débi pé ó ní láti ọjọ́ Mọ́ńdè, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo nínú méjì ló máa kù ní wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án.

Kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìpìlẹ̀ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ nílé wa ní Àkúrẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ bọ́tìnnì, wáyà á dá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ dúró. Kánẹ́ẹ̀lì á sàmì síbi tó bá iṣẹ́ dé, á lọ wo ẹni tó pè, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó mi, tó wà nínú oyún oṣù keje, bá mi dán an wò. Mo tẹ nọ́ńbà kejì, òun náà tẹ nọ́ńbà kẹrin lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà kejì nìkan ló jáde.

"Èmi náà tẹ̀ ẹ́ o," ó ní.

Mo jágbe mọ́ ọn pé kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. A tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn méjèèjì á jáde, nígbà mìíràn ọ̀kan á pòórá. Mo padà lọ yẹ ohun tí mo kọ wò. Wáyà kan ṣoṣo ni bẹ́ẹ̀dì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń pín lò, àṣé ohun tí mo kọ ni pé kí kánẹ́ẹ̀lì gbọ́ ti ẹni tó bá kọ́kọ́ rí, kó sì nu gbogbo ìpè yòókù nù. Mo bẹ ìyàwó mi. Mo tún un kọ, kó máa yẹ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan wò kó tó nu ohunkóhun. A tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń dùn wá. Ìpè kankan ò sọnù mọ́, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, mo gbé e dé Oǹdó. Mo fẹ́ panu mọ́, n kò lè ṣe é. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún mátírọ́ọ̀nù, títí dórí ìyàwó mi aboyún tó bá mi dán an wò.

"Ṣé o ti tún un ṣe?"

"Mo ti tún un ṣe, mà."

"Ìyàwó rẹ tó lóyún yẹn, ṣé wàá jẹ́ kó dùbúlẹ̀ síbí, kó jẹ́ agogo yìí nìkan ló máa gbára lé?"

Mo wo àwọn bẹ́ẹ̀dì náà títí.

"Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kejì ṣì wà níbẹ̀, mà."

Ó mú bírò, ó kọ orúkọ nọ́ọ̀sì kejì padà sínú ìwé iṣẹ́ ọ̀sán. Ojú tì mí gan-an, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mí kanlẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé.