Pijó Mi Nínú Ọgbà Alhaji

Bí oyé bá ti mú, mo máa ń tètè jí kí n lè gbọ́ bí Pijó mi ṣe ń kọ̀ láti sítáàtì fún Alhaji. Pijó mi ni mo ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọgbà Alhaji, aládùúgbò tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló ń sùn báyìí. Èmi fúnra mi ni mo tà á fún un. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú ni mo ra ọkọ̀ náà. Àwa tí a jáde yunifásítì láyé ìgbà yẹn, iṣẹ́ ló ń dúró dè wá, ọkọ̀ a sì máa tẹ̀ lé iṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ra ìjàpá, ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto. Èmi ní Pijó ni mo fẹ́. Ó funfun, ìdí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó, iná ojú rẹ̀ méjèèjì sì dà bí ojú ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ tí kò gbà ọ́ gbọ́. Ẹ̀gbẹ́ sítíárìn ni jíà rẹ̀ wà, kì í ṣe ilẹ̀. Òun ló ń gbé mi lọ sí ọ́fíìsì ní Ìlémọ̀nà títí mo fi fẹ̀yìn tì, òun ló sì kó àwọn ọmọ mi lọ sí ilé ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò kò mọ orúkọ mi. Bàbá Onípijó ni wọ́n ń pè mí.

Àkọ́bí mi obìnrin, tó ń gbé Ìlọrin, ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ títà sílẹ̀.

“Dádì, àwọn mẹkáníìkì tó mọ Pijó ti ń tán lọ. Bó bá dá yín dúró lọ́nà, ta lẹ máa pè?”

Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ para pọ̀, wọ́n ra Kòróólà kan fún mi, ọkọ̀ Jàpáànù aláwọ̀ eérú. N kò rí àléébù kankan sọ sí i. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́, ó ti dáhùn. Kì í mu epo púpọ̀, ó sì tún ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí mi lójú. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń wá a kí n tó rí i, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo dúró tí mo ń fi kọ́kọ́rọ́ jà pẹ̀lú ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹni tó ni ọkọ̀ sì wà lẹ́yìn mi tó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó ń pe ènìyàn ní Bàbá Oníkòróólà ní Ọ̀fà. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n máa pè é, ìdajì ìlú ni yóò dáhùn.

Alhaji ní tirẹ̀ kò ní Pijó rí. Páànù ló ń tà kí ó tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ra tèmi, ó gbé e lọ kùn, ó ran aṣọ tuntun sí ìjókòó rẹ̀, ó wá àwọn ìdérí táyà tó ti sọnù látọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́ tó gbé e padà dé, mo dúró lójú fèrèsé. Ó rẹwà ju ìgbà tó wà lọ́wọ́ mi lọ. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tó wá rí obìnrin náà tó ń dán, tó ti sanra nílé ọkọ tuntun, ló lè mọ ohun tó ṣe mí. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń kí i ní Alhaji Onípijó. Èmi di Dádì lásán.

Ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi. Nínú oyé, Pijó yẹn kì í sítáàtì fún ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnì kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí à ń pè ní ṣóòkù, òun là ń fà bí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Gbogbo awakọ̀ àtijọ́ ló mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ yìí, bí o bá fà á dé òpin, epo á bò ó mọ́lẹ̀. Ìdajì ni wàá fà á, wàá rọra tẹ epo lẹ́ẹ̀kan, wàá gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá kí o tó yí kọ́kọ́rọ́. N kò sọ fún Alhaji, òun náà kò sì béèrè.

Nítorí náà, lóròòwúrọ̀, mo máa ń dùbúlẹ̀ tí mo ń gbọ́ kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀ láti òdìkejì títì, títí Alhaji á fi pe ọlọ́kadà. Inú mi á dùn, màá wá dìde lọ fọ ẹnu.

“Dádì, ẹ ò gbọ́ ni?” ìyàwó mi béèrè lọ́jọ́ kan.

“Mò ń gbọ́.”

“Ẹ ò wá lè lọ sọ fún wọn?”

“Ẹni tó ra ẹṣin, ó yẹ kó lè gùn ún.”

“Ẹ wo bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ọkọ̀ lẹ tà fún wọn ni, àbí ìyàwó?”

“Ìyàwó ṣì wà ńlẹ̀. Òun ló ń yọ mí lẹ́nu yìí.”

Ó wé gèlè, ó jáde. Mo rò pé àkàrà ló fẹ́ lọ rà. Nígbà tó ṣe, ariwo kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Pijó mi, ó bú jáde, ó sì rọlẹ̀ sí ohùn jẹ́jẹ́ tí mo mọ̀. Mo sáré dé ojú fèrèsé. Ìyàwó mi ló jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaji, wọ́n ń jáde lẹ́nu géètì, wọ́n lọ yí àdúgbò ká. Irin ni mo ti ń jowú tẹ́lẹ̀. Òwúrọ̀ yẹn, mo jowú ènìyàn.

“Ta ló kọ́ ẹ?” ni mo fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ̀yin ni.”

“Nígbà wo?”

“Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó tì yín, tí ẹ ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rọ ọmọ kó jẹun, ṣé ẹ rò pé mò ń sùn ni?”

N kò jẹ àkàrà tó rà bọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọkọ̀ náà dáhùn ní ẹ̀ẹ̀kan péré, Alhaji sì wá fọn fèrè rẹ̀ lẹ́nu géètì wa.

“Ẹ̀gbọ́n, mò ń lọ kí àna mi ní Ìjàgbò. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kí ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń dún.”

Mo fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti gbé fìlà mi wá. Alhaji nawọ́ ṣílẹ̀kùn iwájú fún mi. Mo wo ìjókòó náà, ibi tó gbé ìyàwó mi sí lánàá, mo pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Ẹ̀yìn ni mo wọ̀, ní ọwọ́ ọ̀tún, ibi tí ẹni tó ni ọkọ̀ máa ń jókòó sí bí dírẹ́bà bá ń gbé e lọ.

Alhaji wò mí nínú dígí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ mí di dírẹ́bà.”

“Ẹ wo iwájú yín, Alhaji.”

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Ó ń ṣe èmi náà bíi kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbé ojú sí fèrèsé. A kọjá ojú irin. Ọkùnrin kan tó ń ta ọsàn juwọ́ sí wa, èmi ni mo kọ́kọ́ dá a lóhùn. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Alhaji kò sì ṣe nǹkan kan.

“Jíà yẹn ti pọ̀ jù fún un,” ni mo wí. “Ẹ padà sí èkejì.”

Ó padà sí i. Ọkọ̀ náà mí, ó gun òkè náà lọ.

“Ṣé báyìí ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má fagbára mú un.”

Láti ibẹ̀ lọ, bí Alhaji bá ti fẹ́ yí jíà, ọwọ́ ọ̀tún mi á ti gbéra lórí itan mi kí tirẹ̀ tó gbéra. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Ìjàgbò.