Ta Ló So Ojú Ìwé Kẹrin Mọ́ Fọ́ọ̀mù Náà?

Wọ́n yọ mí kúrò lára àwọn tí yóò lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé aṣòfin òkè òkun nítorí pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé baba ńlá mi dé Èkó. Mo ti wá ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́ kó má le tó bẹ́ẹ̀, n kò rí i.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù nìyẹn. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹbí wa. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú òkè òkun padà dé, ni ilé wa, lẹ́yìn ọjà Jankara, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ẹbí sì máa ń pàdé ní pálọ̀ ìsàlẹ̀, nígbà tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Òfin méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá sí níjókòó nígbà tí wọ́n ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó kéré jù nínú àwọn tó mọ̀wé dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yan akọ̀wé ni yóò sì máa kọ ọ́, torí àgbà tó bá di kálámù mú, ohun tó wù ú ni yóò kọ. Níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn àgbà méjì tó fi oṣù mẹ́rin jiyàn lórí ẹni tí yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n dìbò nígbẹ̀yìn. Ẹni tó fìdí rẹmi dìde, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé n ò fara mọ́ ọn. Ẹ tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo gbà." Ìgbà tí mo dé yunifásítì tí wọ́n ń kọ́ wa bí àwọn aṣòfin ṣe ń ṣe, ó dà bíi pé ilé wa ni wọ́n ń ròyìn.

Nígbà tí mo wá rí ìkéde náà, ara mi yá gágá. Ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè kan lókè òkun fẹ́ gba àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà tó ti jáde yunifásítì, kí wọ́n wá bá àwọn aṣòfin rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n á san owó ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n á pèsè ilé àti oúnjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kò gbọdọ̀ tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà.

Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Marina ló ń pín fọ́ọ̀mù, òun náà ló sì ń gbà á padà tó ń fi orúkọ ránṣẹ́. Ọ̀dọ̀ lọ́yà kan ní Marina yẹn náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà mo fẹsẹ̀ rìn lọ ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, mo gba tèmi. Ojú ìwé mẹ́rin ni. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń béèrè ibi tí mo ti kàwé, iṣẹ́ tí mo ń ṣe, àti ìdí tí mo fi fẹ́ lọ. Ẹ̀kẹrin ń béèrè ìwé ẹ̀rí láti kánsù pé ọmọ onílùú ni mí. N kò kà á sí nǹkan kan. Ìlú wo ni mo tún ní?

Kánsù kì í fúnni ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé olórí ẹbí kọ lẹ́tà. Àbúrò baba bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ni olórí ẹbí wa. Òun ń sọ, èmi ń kọ.

"Kọ ọ́ pé ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ẹ́. Ó parí."

"Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ilé wa sí i, Mà, kó lè lágbára."

"Ta ló béèrè ìtàn lọ́wọ́ ẹ? Kánsù lò ń kọ̀wé sí, kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi ìtàn sí i. Àìsàn ilé wa nìyẹn. Bí ẹ bá pàdé ẹnikẹ́ni nínú wa, kí ẹ tó mọ orúkọ rẹ̀, ẹ ó ti gbọ́ nípa ọkọ̀ tó gbé wa dé. Wọ́n kó baba ńlá wa lẹ́rú lọ sí Bàhíà. Ó ṣiṣẹ́ títí ó fi ra ara rẹ̀ padà, ó wọkọ̀, ó sọ̀ ní Èkó, ó sì fi iṣẹ́ bíríkìlà tó kọ́ lóko ẹrú kọ́ ilé tí a ń gbé. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sí ìpínrọ̀ kejì, tìgbéraga-tìgbéraga. Ìyá Àgbà wò ó, ó fọwọ́ sí i. "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, akọ̀wé."

Ní kánsù, ọkùnrin kan tó ń lọ sí ẹni àádọ́ta ọdún ló gba lẹ́tà náà. Ìka ló fi ń tọ ìlà bó ṣe ń kà á. Nígbà tó dé ìpínrọ̀ kejì, ìka náà dúró.

"Sístà, ẹ jókòó. Bàhíà yìí, níbo ló wà?"

"Ní Bùràsíìlì, sà."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ pé ibẹ̀ lẹ ti wá."

"Ibẹ̀ la ti padà wá, sà. Wọ́n kó wọn lọ ni."

"Ibo ni wọ́n ti kó wọn lọ?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú ẹbí wa. Àwọn kan ní ìhà Ọ̀yọ́, àwọn kan ní Ìjẹ̀ṣà.

"Àwọn tó tà á kò fún un ní rìsíìtì, sà."

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ọmọ onílùú gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Orúkọ yín gan-an, orúkọ òyìnbó ni."

"Ilé wa ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ kánsù yìí, sà."

"Ilé yàtọ̀ sí ìlú. Ìyá yín ńkọ́?"

"Ìjẹ̀bú ni wọ́n."

"Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ gbà á ní Ìjẹ̀bú."

Mo fẹ́ kó hàn kedere pé ọkùnrin náà kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Kò bú mi, ó tiẹ̀ ní kí wọ́n fún mi lómi mu. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gúnjẹ ló ń wá, ǹ bá mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Ó gba ohun tó sọ gbọ́.

Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Ìdúmọ̀tà. Lọ́jọ́ kejì, ó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí bí kò bá ṣe ọjọ́ Iléyá, ó tẹ̀ lé mi lọ sí Ìjẹ̀bú. Obìnrin tí a bá ní kánsù ibẹ̀ kí i dáadáa, wọ́n tiẹ̀ jọ mọ àwọn ènìyàn kan náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀yin, ọmọ wa ni yín, ta ló máa jiyàn ẹ̀? Àmọ́ ibi tí bàbá ti wá là ń kọ fún ọmọ. Ẹ dá a padà sí Èkó." Nígbà tí a padà dé orí afárá, tí omi ọ̀sà hàn sí wa, ìyá mi nawọ́ sí ìhà ilé. Ó wá ní, "Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti rọbí ẹ. Kí wọ́n wá bi mí."

Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò dáwọ́ gbígba fọ́ọ̀mù dúró. Mo gbé fọ́ọ̀mù lọ sí Marina láìsí ìwé ẹ̀rí, mo fi ìwé àkọsílẹ̀ ẹbí wa tó ti gbó jù lọ sábẹ́ abíyá, bóyá yóò jẹ́rìí mi. Obìnrin tó wà nídìí káńtà kò ṣí i.

"Kò pé."

"Ẹ bá mi gbà á, Mà, kí ẹ kọ ọ́ sí i lára pé kò pé."

"A kì í gba èyí tí kò pé. Àwọn òyìnbó ló ní kó rí bẹ́ẹ̀."

Mo yọ bírò, mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ó bi mí pé ṣé oníwèé ìròyìn ni mí. Mo ní rárá, akọ̀wé ẹbí ni mí.

Nígbà tí mo délé ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì, mo wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ti àkọ́kọ́ pé ìkíní nínú mẹ́ta, sí èkejì pé èkejì nínú mẹ́ta, sí ẹ̀kẹta pé ẹ̀kẹta nínú mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin kò ní nọ́ńbà rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni sítépúlà ti gún mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló gún ẹ̀kẹrin. Ẹnì kan ti tú u, ó fi tirẹ̀ kún un, ó sì tún un dè. Èmi tí mo ti ń ka ojú ìwé láti kékeré, n kò rí i.

Mo kọ ímeèlì sí ilé aṣòfin náà fúnra wọn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n fèsì. Fọ́ọ̀mù tiwọn, ojú ìwé mẹ́ta ni. Wọn kò béèrè ìlú abínibí ẹnikẹ́ni. Pásípọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè ẹni ti tó. Ó dùn wọ́n, àmọ́ orúkọ ti kún fún ọdún yẹn.

Mo ka èsì náà ní ìpàdé ẹbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan mi orí. "Kí la fẹ́ ṣe? Ìjọba ni."

"Ìjọba wo?" Ìyá Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹnì kan ló jókòó, tó gbé ìwé lé ìwé, tó tẹ irin mọ́ ọn. Ẹni yẹn ní orúkọ." Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ náà, mo ní kí o má kọ ìtàn."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Mà."

"Tí wọ́n bá tún ní ká kọ lẹ́tà lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé wàá yọ ọkọ̀ yẹn kúrò?"

"Rárá, Mà."

Ó tọ́ka sí ìwé àkọsílẹ̀ tó wà níwájú mi. "Ó dáa. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti mú lẹ́tà tí ẹbí wa fi ń béèrè ẹni tó fi ojú ìwé yẹn kún fọ́ọ̀mù lọ sí Marina, òǹtẹ̀ pé wọ́n ti gbà á sì wà lára ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lọ́wọ́ mi. Èsì kan kò wá. Mo ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí mo lè gba fọ́ọ̀mù yẹn, màá sì gbà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọ́fíìsì Marina, kí ẹ tó tún pín òmíràn: ta ló so ojú ìwé kẹrin mọ́ fọ́ọ̀mù tó ní mẹ́ta? Òfin wo ló fún un láṣẹ? Kí ló dé tí ẹ fi ní àwọn òyìnbó ló fi í sí i? Èmi nìkan kọ́ ni mo rí níwájú káńtà yẹn lọ́jọ́ Ẹtì tó ń di fọ́ọ̀mù mú padà sílé. Àwa mélòó ni ẹ dá padà? Ẹ̀yin kánsù náà, ìran mélòó ni ènìyàn gbọ́dọ̀ sin sí ìlú yìí kí ẹ tó gbà pé ọmọ ibẹ̀ ni?

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa. Mo ti fi ìlà mẹ́wàá sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé àkọsílẹ̀ fún èsì yín. Ẹ kọ ọ́, ẹ fi orúkọ yín sí i, kí ẹ fọwọ́ sí i.