Pẹ̀lẹ́ Láti Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa pè mí ní Grandma, Adelphi la ń gbé ní Amẹ́ríkà níbí, kò jìnnà sí Bowie tí a wà yìí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ rò pé inú ilé ńlá báyìí ni wọ́n bí gbogbo wa sí, ẹ fara balẹ̀. Fúláàtì oníyàrá méjì ni tiwa. Bàbá mi ń kàwé ní yunifásítì tó wà nítòsí, ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà tí ìyá mi bí àbúrò mi, ìyá bàbá mi wá láti Ìbàdàn láti wá máa wẹ ọmọ. A wá di márùn-ún, iye tí òfin ilé náà sì gbà nìyẹn.

Àmọ́ ta ni yóò sọ fún àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù pé ilé ti kún? Àwọn àbúrò bàbá mi méjì dé, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ làwọn máa lò. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àwọn èèyàn wa. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, wọn kò tíì lọ. Ẹ̀gbọ́n nínú wọn ga bí òpó iná, ó ń ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Landover. Àbúrò ń lọ sílé ìwé, àmọ́ ó fẹ́ràn omi gbígbóná ju ìwé lọ, inú balùwẹ̀ lẹ ti máa rí i.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà nígbà yẹn o. Máníjà ilé ti lé ìdílé kan jáde nísàlẹ̀ wa nítorí pé wọ́n pọ̀ jù, a sì fojú ara wa rí bẹ́ẹ̀dì wọn lórí yìnyín. Bàbá mi kìlọ̀ fún wa pé bí wọ́n bá lé wa, ìwé tí òun ń kà ti parí nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀kùn, àwọn bọ̀ọ̀dá mi méjèèjì a sá pamọ́. Èyí ẹ̀gbọ́n a kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tí wọ́n kọ́ mọ́ ògiri pálọ̀, èyí àbúrò a wọ balùwẹ̀ lọ. Ìyá àgbà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, olè nìkan lòun mọ̀ tó máa ń sá fún àlejò.

Ohun tí Ìyá àgbà fẹ́ràn jù ní Amẹ́ríkà yìí ni fíìmù ọ̀sán Sátidé. Tẹlifíṣọ̀n a máa fi fíìmù àtijọ́ àwọn ará ìlú Ọba hàn, èmi sì ni ògbifọ̀, nítorí “tánkíù” nìkan ni Ìyá àgbà gbọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan ni, tí wọ́n ṣe nígbà ogun àgbáyé kejì. Eré orí ìtàgé ni wọ́n sọ di fíìmù, ìyẹn ló fi jẹ́ pé inú pálọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ìjọ̀gbọ̀n náà ti ṣẹlẹ̀, ilẹ̀kùn sì pọ̀ nínú pálọ̀ náà ju àga lọ. Opó kan ló ni ilé. Bọ́ǹbù ń bọ́ nílùú, ìjọba ń kó àwọn tí ilé wọn ti wó lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ní yàrá òfìfo. Opó yìí kò fẹ́ gba ẹnì kankan. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba dé, ó ní ilé òun ti kún fọ́fọ́, bẹ́ẹ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ló wà ńbẹ̀. Làwọn méjèèjì bá ń gba ilẹ̀kùn kan wọlé, wọ́n ń gba òmíràn jáde, wọ́n ń pààrọ̀ fìlà, wọ́n ń lẹ irùngbọ̀n mọ́ àgbọ̀n, kí òṣìṣẹ́ náà lè rò pé èrò rẹpẹtẹ ló wà nílé.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí, ó wá mí kanlẹ̀. “Ẹ wo ayé,” ó ní, “àwọn wọ̀nyí ń wá èèyàn tí yóò kún ilé wọn, àwa ń wá ibi tí a ó kó èèyàn pamọ́ sí. Wọn ì bá wá yá méjì lọ́wọ́ wa.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bàbá mi wà ní ilé ìkàwé, ìyá mi wà níbi iṣẹ́. Kí n tó yíjú, kọ́bọ́ọ̀dù ti gbé ọ̀kan mì, balùwẹ̀ ti gbé èkejì.

Máníjà ni, òyìnbó arúgbó kan tí kọ́kọ́rọ́ kún ìbàdí rẹ̀. Ó ní òun wá wo ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Ó wò ó tán, ó ń lọ, lojú rẹ̀ bá lọ sára tẹlifíṣọ̀n. Ó dúró. Ó ní nígbà tí òun jẹ́ sójà ní ìlú Ọba, òun wo eré yẹn lórí ìtàgé kí wọ́n tó sọ ọ́ di fíìmù. Ló bá jókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó jókòó! Ní ti Ìyá àgbà, ẹni tó bá ti jókòó ti di àlejò gidi, ló bá gbé dòdò ka iwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà ń jẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, Ìyá àgbà náà ń rẹ́rìn-ín, èmi sì ń ṣọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun tí gbogbo wa gbàgbé ni pé inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni Ìyá àgbà kó ata gígún tó gbé wá láti Ìbàdàn sí. Ṣàdédé la gbọ́ tí kọ́bọ́ọ̀dù sín.

“Pẹ̀lẹ́ o!” Ìyá àgbà nìyẹn, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Èmi náà ti sọ “Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀ọ̀dá,” kí n tó fọwọ́ bo ẹnu.

“Ẹ ṣé, mà,” ni kọ́bọ́ọ̀dù dáhùn.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi!” Balùwẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé wa, tó bá gbọ́ tí ẹnìkan sín, ẹnu rẹ̀ kì í dúró gba àṣẹ. Àbúrò mi, ọmọ ọwọ́ náà, jí, ó figbe ta, kọ́bọ́ọ̀dù àti balùwẹ̀ sì jọ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sunkún mọ́.

Dòdò dúró sí agbedeméjì ẹnu máníjà. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo balùwẹ̀, ó wá wò mí, ó ní ta ló wà níbẹ̀ yẹn. Ó dà bí ẹni pé mo ti ń rí bẹ́ẹ̀dì wa lórí yìnyín. Mo sọ ohun tó bi mí fún Ìyá àgbà.

“Sọ fún un pé ọmọ mi ni,” ó ní. Ó wá gbóhùn sókè. “Ẹ jáde wá kí àlejò! Ẹ ti kí ara yín tán níṣojú rẹ̀, kí lẹ tún ń fi pamọ́?”

Wọ́n jáde. Ata ti mú kí ojú èyí ẹ̀gbọ́n pọ́n, omi ń dà lójú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Èyí àbúrò ró ìró ìyá mi, ọṣẹ ń hó létí rẹ̀. Wọ́n jọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Máníjà gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, ó rò pé nǹkan kan ló já bọ́ tí wọ́n ń wá.

Ìyá àgbà ní kí n túmọ̀ dáadáa, kí n má fi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́. Ó ní inú òun kan náà làwọn wọ̀nyí ti jáde. Ó ní bí ilé bá kéré jù, òun ni kí wọ́n lé, nítorí òun ti rí àwọn ọmọ òun, ojú òun kò sì wá nǹkan mìíràn mọ́ ní Amẹ́ríkà. Mo túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún.

Ọkùnrin náà wo àwọn méjèèjì nílẹ̀, wọn kò tíì dìde nítorí kò tíì sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde. Nínú fíìmù, irùngbọ̀n ọmọ ọ̀dọ̀ ti já bọ́ sínú tíì. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn máníjà, ó rín in títí ó fi ń nu ojú. Ó ní òfin ni òfin, èèyàn méje kò lè gbé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá kan wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, tó ti ṣófo láti ìgbà tí ẹni tó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ti lọ. Ṣé àwọn wọ̀nyí lè kó yìnyín? Kí n tó túmọ̀, wọ́n ti ń dáhùn “Yes, sir” láti ilẹ̀.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n sọ fún àwọn bọ̀ọ̀dá mi pé ẹni tó bá sá pamọ́ kì í dáhùn. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà pòṣé, ó ní ẹni tí a kí tí kò dáhùn, kí ni ìyàtọ̀ òun àti òkú?

Ayé ti yí o. Nínú ilé ọmọ mi ní Bowie yìí, kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tó gba bọ̀ọ̀dá mẹ́ta, bàtà ló kún inú rẹ̀. Kò sí máníjà tó ń ka iye wa, kò sì sí àbúrò ẹnì kankan tó wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọmọ mi a ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀, kálukú ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ki nǹkan bọ etí. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún wọn, èyí tó kéré jù ní, “Grandma, ṣé wọn ò lè just keep quiet ni?”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá àtẹ̀gùn. Mo ké “Yéè!” Ilé dákẹ́ lókè, ó dákẹ́ nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà nílé o. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ. Mo bá pe bọ̀ọ̀dá mi, èyí tó wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti di arúgbó ní Landover, orúnkún kò jẹ́ kó rìn dáadáa mọ́. N kò tíì sọ nǹkan kan, mo kàn mí kanlẹ̀ ni.

“Pẹ̀lẹ́ o,” ó ní. “Kí ló ṣe ọ́?”

Mo sọ fún un. Mo ní mo ké, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Ó bi mí pé, “Ṣé kí n jáde wá nínú kọ́bọ́ọ̀dù?”