Ibi tí Iṣan ti Pẹ̀ka

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni jẹjẹrẹ mú ẹ̀dọ̀ ìyàwó mi. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn sọ pé bó bá jẹ́ apá kan ló wà, àwọn lè gé apá náà, ìyókù á sì tún dàgbà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe tò nínú rẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi oògùn kan tó máa ń hàn nínú ẹsiréè sí i, wọ́n sì ya àwòrán.

Èmi àti bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó ní Àpòmù, la lọ wo àwòrán náà. Dókítà òyìnbó gbé e kọ́ síwájú iná. Iṣan funfun kan gòkè bí ìtì igi, ẹ̀ka rẹ̀ sì kún apá kan. Apá kejì dúdú lásán.

Kí n tó túmọ̀ ohun tí dókítà sọ, àna mi ti fọwọ́ kan ibi dúdú náà.

"Ibí mọ́. Ó dà bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Tíṣà, ṣé o rí i? Apá ọ̀hún ni igbó wà."

"Bàbá, ibi tó mọ́ yẹn gan-an ni àrùn wà. Ó ti dí iṣan, ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀ mọ́."

Àna mi ṣí fìlà. "Kí wọ́n gé ibẹ̀ nígbà náà. Bí àfòmọ́ bá mú ẹ̀ka kòkó, ṣebí ẹ̀ka yẹn là ń gé."

Mo sọ ọ́ fún dókítà. Ó fi ìka tọ́ ibi tí iṣan ti pẹ̀ka. Ibẹ̀ náà ti dúdú.

Àna mi ò dúró kí n túmọ̀. "Ó ti mú oríta ẹ̀ka."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóko ńkọ́, Bàbá?"

"A kì í gé e. Èyí tó bá so la ó máa ká."

Nígbà tí a padà sí wọ́ọ̀dù, ìyàwó mi ti wé gèlè, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé wọ́n á gé e?"

"Wọn ò lè gé e. Ó ti mú ibi tí iṣan ti pẹ̀ka."

Ó wo ilẹ̀. "Bàtà yín ò bára mu," ló wá sọ. "Ẹ̀yin tíṣà tí ẹ máa ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí aṣọ!"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ọ̀kan dúdú, èkejì pupa.

Nígbà tí ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sílé dé Ìkirè, ìyàwó mi ra dòdò. Ó jẹ díẹ̀, ó ní ata rẹ̀ pọ̀ jù.

Nígbà ìkórè, ó bá wa fọ́ kòkó lóko bàbá rẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ ò fi gbé àdá mọ́. Kí ẹ̀rùn tó parí, ó kú.

Igi kòkó kan wà lóko náà tí àfòmọ́ mú ní oríta ẹ̀ka. Àna mi ò gé e. Igi náà so lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èmi ni mo ká a.